Bí o bá fẹ́ padà sínú Mass Effect, má fo apá kìíní

Àbúrò mi tó kọ̀wé láti Ondo, mo rí ìbéèrè rẹ. O ní o ti gbá Mass Effect mẹ́tẹ̀ẹ̀ta parí lórí Xbox 360 láyé ijọ́un, géèmù ogun òfurufú ti ilé-iṣẹ́ BioWare, níbi tí ìwọ ti jẹ́ ọ̀gágun Shepard, tí ìpinnu rẹ ní apá kan sì ń bá ọ dé apá tó kàn. O sì ti ra Legendary Edition, àkójọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n tún ṣe, sórí kọ̀ǹpútà báyìí. O wá ń béèrè pé níwọ̀n bí o ti mọ ìtàn náà, ṣé o lè fo apá kìíní, kí o bẹ̀rẹ̀ láti apá kejì tó dùn jù? Má fò ó o.

Àkọ́kọ́ ná, àwọn save (fáìlì tó ń tọ́jú ibi tí o bá géèmù dé) tó wà lórí Xbox 360 yẹn kò lè wọlé. Legendary Edition, tó jáde ní oṣù Karùn-ún 2021, kì í gba save láti inú àwọn géèmù ti 2007, 2010 àti 2012. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ láti apá kejì, ìtàn alàwòrán kan tí wọ́n ń pè ní Genesis ni yóò bi ọ́ ní ìbéèrè mélòó kan: ta lo fi sílẹ̀ láti kú ní pílánẹ́ẹ̀tì Virmire nínú Kaidan àti Ashley, ọmọ ogun rẹ méjì, ṣé Wrex, jagunjagun Krogan inú ẹgbẹ́ rẹ, ṣì wà láàyè, kí lo ṣe fún ọbabìnrin Rachni, ẹ̀yà tó dà bíi kòkòrò, ṣé o gba Ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso láti Citadel, ibùdó ńlá kan lójú òfurufú, là. Ó tán. Àwọn ìbéèrè tó ń pariwo nìyẹn. Àwọn tí kò pariwo ni wọ́n ń bọ̀ wá ká ènìyàn mọ́ níwájú, Genesis kò sì ní bi ọ́ nípa wọn.

Wo ọ̀rọ̀ Kirrahe. Òun ni ọ̀gá ọmọ ogun Salarian, ẹ̀yà kan láti ayé mìíràn, ní Virmire, tó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ fa ojú àwọn geth, rọ́bọ́ọ̀tì ọ̀tá, mọ́ra kí ìwọ lè gba ẹ̀yìn wọ ọgbà àwọn ọ̀tá. Bí o ti ń lọ, rédíò ń gbé ohùn wọn wá: wọ́n ń kú. Ní ojú ọ̀nà yẹn, àyè wà láti ba ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ àwọn geth jẹ́, àti láti dá àwọn ẹ̀rọ wọn tó ń fò dúró kí wọ́n tó lọ ká àwọn Salarian mọ́. Nígbà tí o bá dé ibi tí wọ́n ti ń darí ààbò ọgbà náà, o lè pa agogo ìdágìrì, o sì lè mú un dún ní òdìkejì ọgbà kí àwọn ẹ̀ṣọ́ lè sáré lọ síbẹ̀. Èyí tó rọrùn fún ọ ni ti òdìkejì, torí ọ̀nà rẹ á ṣófo. Ṣùgbọ́n Kirrahe ló wà ní òdìkejì yẹn. Bí o bá ràn án lọ́wọ́ dáadáa, á yè. Ní apá kẹta, nígbà tí Cerberus, ẹgbẹ́ kan tó ti di ọ̀tá rẹ, bá ya wọ Citadel, tí Kai Leng, apànìyàn wọn, dojú kọ aṣojú Salarian nínú Ìgbìmọ̀, Thane, tó bá ọ jà ní apá kejì, ló máa ń dá a lẹ́kun. Bí Thane bá ti kú ní apá kejì ńkọ́? Kirrahe á rọ́pò rẹ̀. Bí kò bá sí Thane, tí kò sì sí Kirrahe, aṣojú náà á kú. Bọ́tìnnì kan tí o tẹ̀ ní apá kìíní ni. Àṣesílẹ̀ làbọ̀wábá.

Kí n yára sọ ti ẹ̀rọ, torí mo mọ bí iná ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Àyè 120 GB ni wọ́n ní kí o pèsè. RAM kò gbọdọ̀ dín ní 8 GB, 16 GB ni wọ́n dámọ̀ràn. Ìsàlẹ̀ pátápátá fún káàdì àwòrán ni GTX 760, èyí tí wọ́n dámọ̀ràn ni GTX 1070. Tó bá jẹ́ pé tòkunbọ̀ lo fẹ́ rà l'Ákùúrẹ́, ní ọ̀nà Ọba Adéṣidà tàbí lẹ́bàá South Gate ní FUTA, má fi ti pé ọlọ́jà ní "ó ní graphics" sanwó. Ní kí wọ́n tan án, ṣí Task Manager, tẹ Performance, kí o wo ìsàlẹ̀. Bí GPU kan ṣoṣo bá jáde, tí orúkọ rẹ̀ sì jẹ́ Intel HD, kí ẹni tó fẹ́ fi tẹ ìwé máa rà á. Tún rántí pé káàdì àwòrán laptop máa ń dín agbára rẹ̀ kù bó bá wà lórí bátìrì. Bí ìran bá ń já gẹ́gẹ́, bóyá ṣájà ni o kò fi sí i. Ṣájà laptop géèmù lè gba watt 130 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí ti ọ́fíìsì kì í sábà ju 65 lọ, nítorí náà wo ohun tí inverter rẹ lè gbé kí o tó jókòó.

Bí o tilẹ̀ rà á lórí Steam, EA App, ètò ilé-iṣẹ́ tó ń tà á, ló máa ṣí i, ó sì ń fẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì nígbà àkọ́kọ́. Ṣí i lẹ́ẹ̀kan kí dátà tó tán. F5 ni kí ìka rẹ mọ́ra. Ó máa ń ṣe save kíá, àmọ́ kì í gbà láàárín ìjà. Inú Documents, nínú fóldà BioWare, ni àwọn save wà. Da fóldà Save kọ sórí flash ní ìparí apá kọ̀ọ̀kan, torí iná tó bá lọ nígbà tí ẹ̀rọ ń kọ fáìlì lè sọ fáìlì náà di òkú. Nínú gbogbo àfikún àtijọ́, Pinnacle Station nìkan ni kò sí níbẹ̀. Fáìlì ìpilẹ̀ rẹ̀ ló ti bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é. Kò sí àdánù kankan ńbẹ̀, èmi kò fẹ́ràn rẹ̀ rí.

Ó yá, apá kìíní. Ohun tí ẹni tó ń padà wá máa ń gbàgbé ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu ní owó tirẹ̀ níbẹ̀. Ní apá kejì, ìwà rẹ ló ń ṣí ọ̀rọ̀ aláwọ̀ búlúù (Paragon, ti ẹni rere) àti pupa (Renegade, ti ẹni líle) fún ọ. Ní apá kìíní, o gbọ́dọ̀ kó point sínú Charm (ọ̀rọ̀ dídùn) tàbí Intimidate (ìdẹ́rùbà) fúnra wọn, bí o ṣe ń kó wọn sínú ìbọn. Mú ọ̀kan, kí o tẹ̀ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá pín in sí méjèèjì á dé Virmire, á rí ọ̀rọ̀ tó lè gba Wrex là lójú ìbòjú, kò ní ṣeé tẹ̀. Ọ̀nà kejì tó dájú wà: kí o ti bá Wrex gba ìhámọ́ra ìdílé rẹ̀ padà. Iṣẹ́ yẹn kì í jáde àyàfi bí o bá ń lọ bá a sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ léraléra. Tuntau ni pílánẹ́ẹ̀tì náà, ní agbègbè Phoenix nínú Argos Rho. Ní ti Kaidan àti Ashley, kò sí ọgbọ́n kankan tó lè gba àwọn méjèèjì là, má fi àkókò rẹ ṣòfò.

Ìgbẹ̀yìn apá kejì, níbi tí o ti kó ẹgbẹ́ rẹ lọ kọlu ilé àwọn Collector, àjèjì tó ń jí ènìyàn gbé, ni ọ̀pọ̀ ti máa ń sọ pé oríire ló gba àwọn là. Irọ́ ni. Ìṣírò ni, ó sì ṣeé ṣe pátá kí ẹnikẹ́ni má kú.

Ọkọ̀ òfurufú rẹ ni kí o kọ́kọ́ tún ṣe. Nínú àwọn ẹmẹ̀wà rẹ, Jacob ló máa sọ̀rọ̀ ìhámọ́ra ọkọ̀, Tali ló máa sọ̀rọ̀ ààbò rẹ̀, Garrus ló máa sọ̀rọ̀ ìbọn Thanix. Àwọn méjì àkọ́kọ́ ń gba palladium, àlùmọ́ọ́nì tí o ń wá lórí àwọn pílánẹ́ẹ̀tì, 15,000 níkọ̀ọ̀kan, Thanix ń gba platinum 15,000. Bí o bá fi ọ̀kankan sílẹ̀, ènìyàn kan á kú kí ọkọ̀ tó balẹ̀. Láìsí ìhámọ́ra, Jack ló ń kú. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni kí o ti máa wá palladium, má dúró dé ìgbẹ̀yìn. Wíwá a lọ́pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló ń mú kí ènìyàn sú géèmù náà.

Lẹ́yìn ìyẹn, àkókò. Iṣẹ́ ìdúróṣinṣin gbogbo àwọn ẹmẹ̀wà rẹ, èyí tó ń sọ wọ́n di olóòótọ́ sí ọ, ni kí o parí kí o tó lọ gbé Reaper IFF, ohun èlò tí ọkọ̀ rẹ fi ń gba ẹnu ọ̀nà Omega 4 lọ sọ́dọ̀ àwọn Collector. Inú òkú Reaper kan, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀rọ ńlá tó fẹ́ pa gbogbo ayé run, ni o ti máa rí Legion, geth tó máa di ẹmẹ̀wà rẹ, nítorí náà tirẹ̀ nìkan ni yóò ṣẹ́kù. Bí o bá ti padà sínú ọkọ̀, tan án, bá a sọ̀rọ̀, ṣe iṣẹ́ rẹ̀ kíá. Láìpẹ́, àwọn Collector á wá kó àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ rẹ lọ. Láti ìgbà yẹn, aago ti ń ka. Bí o bá wọ Omega 4 lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, gbogbo wọn á yè. Bí o bá yà síbi iṣẹ́ kan sí mẹ́ta, ìdajì ti lọ. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, dókítà Chakwas nìkan ni wàá bá. Géèmù náà kò ní kìlọ̀ fún ọ.

Nínú ilé àwọn Collector, ẹni tó bá kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ sílẹ̀ kì í ṣe ẹni tó tọ́. Jacob á ní òun á wọ inú ihò afẹ́fẹ́. Jacob ò gbọ́dọ̀ débẹ̀. Tali, Legion tàbí Kasumi ni kí o rán. Nígbà tó bá kan ẹni tí yóò fi agbára biotic, agbára àìrí tí àwọn kan fi ń ti nǹkan, bo yín, Miranda á sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá ní biotic lè ṣe é. Má gbọ́ tirẹ̀. Jack tàbí Samara ni, tàbí Morinth bó bá jẹ́ pé òun lo yàn dípò Samara. Fún olórí ẹgbẹ́ kejì, nígbà méjèèjì tí wọ́n bá béèrè, Garrus, Jacob tàbí Miranda. Gbogbo ẹni tí mo dá lórúkọ yìí gbọ́dọ̀ ti di olóòótọ́ sí ọ o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹnìkan lè kú bí o tilẹ̀ yan ẹni tó tọ́.

Ìgbẹ̀yìn ni ìṣírò náà ti le jù. Bí o bá mú ènìyàn méjì lọ bá ọ̀gá àwọn ọ̀tá, àwọn tó ṣẹ́kù ló máa di ẹnu ọ̀nà mú, géèmù á sì fún oníkálukú ní máàkì láìsọ fún ọ. Grunt, Zaeed àti Garrus ní 4 níkọ̀ọ̀kan bí wọ́n bá jẹ́ olóòótọ́. Miranda, Jacob, Thane, Samara àti Legion ní 2. Mordin, Tali, Kasumi àti Jack ní 1 péré. Á kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, á pín in sí iye ènìyàn tó wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ju mẹ́rin lọ, kò gbọdọ̀ dín ní 2.

Ohun tí àwọn ènìyàn ń ṣe nìyí: wọ́n á mú Grunt àti Garrus lẹ́yìn torí wọ́n lágbára, wọ́n á ní kí Jacob kó àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ tí ẹ gbà là padà sínú ọkọ̀. Ó wá ku Zaeed 4; Thane, Samara, Legion àti Miranda 8; àwọn oní-1 mẹ́rẹ̀ẹ̀rin 4. Mẹ́rìndínlógún nínú mẹ́sàn-án, kò tó 2. Ẹnìkan á kú, Mordin ló sì wà ní iwájú nínú ìlà àwọn tí ikú ń mú. Yí i padà: Mordin ni kí ó kó àwọn òṣìṣẹ́ padà, mú Jack àti Tali dání. Á ku Grunt, Zaeed, Garrus 12, àwọn oní-2 márùn-ún 10, Kasumi 1. Mẹ́tàlélógún nínú mẹ́sàn-án. Kò sí òkú. Ìjà ìgbẹ̀yìn náà á le díẹ̀ fún ọ, ṣùgbọ́n ìwọ fúnra rẹ lè yìnbọn.

Ìdúróṣinṣin yìí tún kan àwọn ìjà méjì inú ọkọ̀: Miranda pẹ̀lú Jack, Tali pẹ̀lú Legion. Bí o kò bá lè pẹ̀tù sí i, o pàdánù ìdúróṣinṣin ọ̀kan. Apá kejì kì í ka point Paragon tàbí Renegade rẹ lásán; ó ń wò ó sí iye tí o ì bá ti kó ní àwọn ibi tí o ti dé. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń ṣe búlúù lónìí, tó ń ṣe pupa lọ́la, fi máa ń rí i pé ọ̀rọ̀ náà ṣú, kò ṣeé tẹ̀. Yan ẹ̀gbẹ́ kan.

Ìjà Tali àti Legion yẹn kò parí nínú ọkọ̀. Ní apá kẹta, ní pílánẹ́ẹ̀tì Rannoch, o lè mú àwọn Quarian, ẹ̀yà Tali, àti geth làjà, ṣùgbọ́n máàkì márùn-ún ló kéré jù, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló sì jẹ́ ti apá kejì. Bí wọn kò bá lé Tali kúrò láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀, 2. Nínú iṣẹ́ Legion, bí o bá pa àwọn geth aládàámọ̀, àwọn tó ń sin Reaper, run dípò kí o tún ọpọlọ wọn kọ, 2. Bí o bá parí ìjà náà láìjẹ́ kí ọ̀kan kórìíra rẹ, 1. Ní apá kẹta gan-an, Koris, ọ̀gágun Quarian, tí o gbà là fúnra rẹ̀ jẹ́ 1, iṣẹ́ àwọn ọkọ̀ ogun geth jẹ́ 1. Tali àti Legion gbọ́dọ̀ wà láàyè, orúkọ rẹ sì gbọ́dọ̀ ti lókìkí. Kíyè sí ti àwọn aládàámọ̀ yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ẹni rere máa ń yàn láti tún ọpọlọ wọn kọ, torí Paragon ni géèmù pè é. Ó sì sọ 2 nù.

Ní ti ẹjọ́ tí àwọn Quarian bá Tali rò ní apá kejì, bí ọ̀rọ̀ rẹ kò bá tíì lágbára tó, ọ̀nà mìíràn wà: jẹ́ kí Tali mú Veetor, ọmọ Quarian kan, lọ ní Freedom's Progress, kí o gba Kal'Reegar, ọmọ ogun wọn, là ní Haestrom, kí o sì bá àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ kí ẹjọ́ náà tó parí. Wọ́n á bá ọ gbé ohùn sókè.

Bí o bá bi mí pé ibo ni ó yẹ kí o ti ṣe nǹkan tó yàtọ̀ sí ti ìgbà àkọ́kọ́, Tuchanka, pílánẹ́ẹ̀tì àwọn Krogan, ni. Mo mọ̀ pé o ti gba Wrex là nígbà yẹn, o sì tọ́jú ìwé ìwádìí Maelon, ẹni tó ń wá ìwòsàn fún àwọn Krogan ní apá kejì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wa la ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà yẹn, ìpinnu ti Tuchanka rọrùn: àwọn Krogan ń jìyà àìríbí láti ọwọ́ genophage, àrùn tí wọ́n fi sí wọn lára, Wrex ń ṣe olórí gidi, Eve, obìnrin Krogan kan, wà níbẹ̀ láti gbà á nímọ̀ràn. Wíwò wọ́n sàn ló tọ́. Mordin, onímọ̀ Salarian inú ẹgbẹ́ rẹ, gun ilé gogoro tí wọ́n ti ń fi ìwòsàn ránṣẹ́ lọ, ó kú, o banújẹ́, ó sì tẹ́ ọ lọ́rùn.

Lọ́tẹ̀ yìí, jẹ́ kí Wrex kú ní Virmire, kí o sì pa ìwádìí Maelon rẹ́. Wreav ni yóò gba ipò, ẹni tí kò ní ohun mìíràn lẹ́nu ju ìgbẹ̀san lọ. Eve kò ní yè, torí ìwádìí yẹn ló ń gbà á là. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n á bi ọ́ nísàlẹ̀ ilé gogoro náà, ṣùgbọ́n kò ní jọra mọ́ rárá. Bí òkìkí rẹ bá sì tó, wàá rí ọ̀rọ̀ kan tí kò sí níbẹ̀ nígbà àkọ́kọ́: o lè yí Mordin lọ́kàn padà pé kí ó má fi ìwòsàn náà ránṣẹ́. Á gbà. Á yè. Á lọ bá àwọn tó ń kan Crucible, ohun ìjà ńlá tí wọ́n fẹ́ fi dojú kọ àwọn Reaper, ṣiṣẹ́, Wreav kò sì ní mọ̀ láéláé. Gbìyànjú irú ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú Wrex, wàá rí i pé yóò mọ̀, yóò sì wá bá ọ ní Citadel tòun ti ìbọn. Fún èmi o, ibẹ̀ ni BioWare ti ṣiṣẹ́ jù nínú gbogbo géèmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìgbẹ̀yìn pupa, búlúù àti àwọ̀ ewé tí gbogbo ayé bá wọn jà lé lórí ní 2012 kò dé ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ní apá kẹta, ohun tó ń ba nǹkan jẹ́ ni ìfàfalẹ̀. Bí wọ́n bá ti pè ọ́ sí Grissom Academy, lọ. Bí iṣẹ́ mìíràn bá pọ̀ jù láàárín, Jack àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ á bọ́ sọ́wọ́ Cerberus, wàá sì pàdé rẹ̀ níwájú gẹ́gẹ́ bí ọ̀tá. Máa lọ kí Kaidan tàbí Ashley ní ilé ìwòsàn Huerta kí Cerberus tó ya wọ Citadel, torí bí o kò bá yọjú, nígbà tí ẹ bá na ìbọn síra yín, kò ní gbà ọ́ gbọ́. Thane wà ní ilé ìwòsàn kan náà, kí i. Fún Miranda, nǹkan méjì: gbà fún un nígbà tó bá ní kí o jẹ́ kí òun lo ohun èlò Alliance, ẹgbẹ́ ọmọ ogun àwọn ènìyàn, kí o sì kìlọ̀ fún un nípa Kai Leng. Ní ilé àwọn Ardat-Yakshi, àwọn ọmọ ẹ̀yà Samara tó léwu, bí àmì búlúù bá yọ níwájú Samara, tẹ̀ ẹ́ kíá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò pa ara rẹ̀.

Eré orí íntánẹ́ẹ̀tì tó wà nínú ti 2012 kò sí nínú èyí, nítorí náà má wá a kiri. Nígbà yẹn, Galactic Readiness, òdiwọ̀n ìmúrasílẹ̀ ogun rẹ, máa ń wà ní 50% bí o kò bá bá àwọn mìíràn gbá a. Wàhálà yẹn ti lọ. Agbára ogun rẹ á ti inú ohun tí o ṣe ní apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá, èyí tún jẹ́ ìdí kan tí kò fi yẹ kí o fo apá kìíní. Javik, ẹmẹ̀wà tuntun, ni kí o tètè lọ gbé ní Eden Prime, kí o sì mú un dání lọ sí Thessia, pílánẹ́ẹ̀tì ẹ̀yà Liara, ẹmẹ̀wà rẹ mìíràn. Ọ̀rọ̀ tó ń sọ fún Liara níbẹ̀ kò ṣeé pàdánù.

Àfikún Citadel, èyí tó jẹ́ àríyá àti àwàdà, gbé e síwájú iṣẹ́ ilé Cerberus, lẹ́yìn iṣẹ́ Horizon. Láti ilé Cerberus, Ayé ló kàn, kò sí padà sẹ́yìn. Ṣe save ọ̀tọ̀ níbẹ̀, má kọ ọ́ lé èyí tó wà tẹ́lẹ̀ lórí. Bó bá sì jẹ́ pé Shepard méjì lo ní, ọ̀kan tó gba Wrex là àti ọ̀kan tí kò gbà á, fún wọn ní orúkọ tó yàtọ̀ láti apá kìíní. Nígbà tí apá kejì bá ń béèrè pé èwo ni kí òun gbé wọlé, orúkọ àti déètì ni wàá fi dá wọn mọ̀.